Bí Ẹyẹ Bá Ń Bá Yín Jà, Ẹ Ti Sún Mọ́ Ọn Jù: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lẹ́nu Wíwo Ẹyẹ Òkun Ákítíìkì

Àṣìṣe tó burú jù tí àwọn tó ń lọ wo ẹyẹ ní erékùṣù Svalbard ní Ákítíìkì (ìpẹ̀kun àríwá ayé), lábẹ́ ìjọba Nọ́wè, ń ṣe ni pé wọ́n á sún mọ́ ìtẹ́ títí ẹyẹ á fi kọjú ìjà sí wọn, wọ́n á wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé bó ṣe ń ṣọ́ ilẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ìdààmú tí wọ́n fúnra wọn dá sílẹ̀ ni wọ́n kọ. Ẹni tó bá ti nawọ́ sí àgbébọ̀ adìyẹ tó ń sàba rí mọ ohun tí mò ń sọ.

Ẹ wo Arctic tern, ẹyẹ òkun kékeré kan. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló ń yé sí, láàárín òkúta wẹ́wẹ́, ẹyin rẹ̀ sì jọ òkúta débi pé èèyàn lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láìmọ̀. Bí ẹ bá ti wọ àyíká rẹ̀, á figbe ta, á já wálẹ̀ bí àwòdì tó rí òròmọdìyẹ, á sì ṣá yín lórí. Ẹ̀jẹ̀ lè jáde. Ibi tó bá ga jù ló máa ń dojú kọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé igi sókè ju orí lọ níbẹ̀. Ẹ má fi igi náà lù ú o! Ẹ gbé e dání, kí ẹ sì padà síbi tí ẹ ti wá, torí gbogbo àkókò tó fi ń bá yín jà, ẹyin ń tutù.

Arctic skua, ẹyẹ òkun míì, tún máa ń díbọ́n pé apá òun ti ṣẹ́, á máa wọ́ nílẹ̀ kí ẹ lè tẹ̀ lé e kúrò nítòsí ìtẹ́. Ẹ má lépa rẹ̀ torí fọ́tò.

Ní ti ọdẹ rẹ̀, ẹ má tẹjú mọ́ skua nìkan. Olè ni: ẹja tí kittiwake, ẹyẹ òkun míì, ti gbé mì ló fẹ́ kó bì jáde. Á máa lé e, kittiwake á máa yí sọ́tùn-ún sósì, títí á fi bi ẹja náà jáde. Skua á sì hán an lófuurufú. Ẹ kọ iye skua tó ń lé e, bó ṣe pẹ́ tó, àti ẹni tó gba ẹja. Ẹ kọ èyí tó já sófo pẹ̀lú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó sọ skua di ọdẹ tí kì í tàsé.

Ariwo lẹ́bàá àpáta tí ẹyẹ ń yé sí ńkọ́? Ẹyin kan ṣoṣo ni ẹyẹ òkun tí wọ́n ń pè ní guillemot ń yé, sórí àpáta lásán. Bí jìnnìjìnnì bá mú un tó fò lójijì, ẹyin á yí ṣubú, tàbí kí gull ńlá, ẹyẹ òkun tó ń jẹ ẹyin, tó ti ń ṣọ́ ọ gbé e. Nítorí èyí ni òfin Svalbard fi ka fèrè ọkọ̀ àti ìbọn yínyìn léèwọ̀ ní máìlì òkun kan sí àpáta wọ̀nyí, láti April 1 títí di August 31.

Ẹ jókòó lókèèrè pẹ̀lú awò awọ̀nàjíjìn. Ìgbà tí ẹyẹ bá ti padà sàba ni kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.