Ọjọ́ Tí Mo Yọ Bẹ́árìn Boxster Mi

Boxster S 2001, mọ́tò Porsche, ni mo ń wà, tòkunbọ̀ ni, Sùúrùlérè ni mò ń gbé e sí. Bí ẹ bá ní irú mọ́tò yìí ní Èkó, kò síbi tẹ́ ẹ máa dé tí wọn ò ní bi yín pé, "Ṣé ẹ ti pààrọ̀ bẹ́árìn yẹn?" Bí wọ́n ṣe máa ń wo ikùn ìyàwó tuntun gẹ́lẹ́ ni.

M96 ni wọ́n ń pe irú ẹ́ńjìnì tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀pá kan wà nínú ẹ́ńjìnì náà tó ń gba agbára lọ́wọ́ kránkì, tó sì ń fi ṣéènì gbé e lọ fún káàmù tó ń ṣí fáàfù. Ìdí ọ̀pá yẹn, lápá ibi tí fláìwíìlì wà, ni bẹ́árìn náà jókòó sí. Gíríìsì ni wọ́n dí mọ́ inú rẹ̀ nílé iṣẹ́. Tó bá pẹ́, ọ́ìlì gbígbóná á rọra wọlé, á fọ gíríìsì dànù. Bí bẹ́árìn bá wá fọ́, ṣéènì á yẹ̀, fáàfù á lu písítínì, ẹ́ńjìnì parí nìyẹn. Láti 2009 ni wọ́n ti yọ ọ̀pá náà kúrò nínú àwọn tuntun. Àwọn tó ní Porsche 911 Turbo tàbí GT3 ayé ìgbà yẹn máa ń fi wá ṣẹ̀fẹ̀, torí ẹ́ńjìnì tiwọn yàtọ̀.

Ẹjọ́ kan wà ní Amẹ́ríkà lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n parí rẹ̀ ní 2013. Iye tó jáde níbẹ̀ ni pé nǹkan bí 8 nínú 100 àwọn bẹ́árìn onílà kan (ìlà bọ́ọ̀lù kan ló wà nínú rẹ̀) ló ń bàjẹ́; ti onílà méjì ò ju 1 lọ. Onílà kan ni tèmi. Ẹnì kan gbọ́ 8 tó bàjẹ́, ẹlòmíì gbọ́ 92 tí kò bàjẹ́, ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ìkòyí da aṣọ bo 911 tiwọn, tó ní irú ẹ́ńjìnì tèmi, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni wọ́n ń gbé e jáde. "Mi ò wà á púpọ̀, kí ló fẹ́ bà á jẹ́?" Mi ò bá wọn jiyàn, àmọ́ ìjókòó gan-an ló ń bà mí lẹ́rù: omi á máa kó sínú ọ́ìlì, bẹ́árìn ò sì ní rí ọ́ìlì tuntun. Àbúrò kan ní Ìkẹjà wà lódì kejì. Ìdájí ló máa ń fò kọjá lórí Third Mainland, ó ní, "Tó bá máa kú, kó kú sẹ́nu iṣẹ́." Màdáámù kan ní Màgòdò ni mo fara mọ́ jù. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pààrọ̀ ọ́ìlì ni wọ́n máa ń gé fílítà, wọ́n á na ìwé inú rẹ̀ sórí bébà nínú oòrùn, wọ́n á fi mágínẹ́ẹ̀tì wá irin kiri nínú rẹ̀.

Ká ní kílọ́ọ̀ṣì mi ò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ nínú sún kẹrẹ fà kẹrẹ Ìkòròdú Road ni, bóyá mi ò bá má fọwọ́ kàn án. Àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ sọ jíabọ́ọ̀sì kalẹ̀ kí wọ́n tó rí kílọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n bá sì ti yọ fláìwíìlì, bóòtù mẹ́ta péré ló kù sí bẹ́árìn. Mo ra kílọ́ọ̀ṣì ní Ládípọ̀, mo sì ní kí wọ́n fi bẹ́árìn àti irin tí wọ́n fi ń fà á yọ ránṣẹ́ sí mi láti Amẹ́ríkà.

Ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìlúpéjú, àwọn ọmọṣẹ́ ṣí iwájú, bùútù ni. Wọ́n ṣí ẹ̀yìn, bùútù tún ni. "Ọ̀gá, ẹ́ńjìnì dà?" Ẹ̀yìn ìjókòó ló wà, abẹ́ la ti máa ń tú u.

Fílítà ni mo kọ́kọ́ gé, bí màdáámù ṣe kọ́ mi. Ká ní irin wà nínú rẹ̀ ni, a ò bá kúkú má pààrọ̀ bẹ́árìn náà, torí gbogbo ẹ́ńjìnì ni à bá tú. Kò sírin kankan. Bàbá mẹkáníìkì ti mú sípánà, wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tú bóòtù. Mo yáa dá wọn dúró.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ de kránkì, ká dẹ ṣéènì."

"Ọdún mélòó ni mo ti ń tú ẹ́ńjìnì kí wọ́n tó bí ẹ?"

Mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, mo ṣàlàyé: bí ṣéènì bá ṣì le, tí ìdérí bẹ́árìn bá yọ, ọ̀pá á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ṣéènì bá wá fo eyín, ẹ́ńjìnì tó dáa la ó fọwọ́ ara wa bà jẹ́. Wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí ọmọṣẹ́ mú irin tí a fi ń dè é wá. Látìgbà yẹn, jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń ṣe é, àfi bí ẹni ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ. Ọjọ́ méjì la fi parí rẹ̀. A tún pààrọ̀ síìlì ẹ̀yìn kránkì, nítorí ojú ibẹ̀ ti là sílẹ̀.

Bẹ́árìn àtijọ́ jáde, gíríìsì ti tán nínú rẹ̀, ọ́ìlì dúdú ló rọ́pò rẹ̀. Àmọ́ mo fọwọ́ yí i, ó yí geere, kò ṣe bẹ́ẹ̀ dún.

Mo gbé e lọ Ìkòyí. Ẹ̀gbọ́n yí i lẹ́ẹ̀mẹta. "Kò kúkú ṣe nǹkan kan! O kàn lọ da owó nù ni." Mo gbé e lọ Màgòdò. Màdáámù ti ìka bọ inú rẹ̀, wọ́n fi ọ́ìlì dúdú hàn mí. "Ṣé o rí i? Gíríìsì ti lọ."

Ó wà nílé báyìí. Ọmọ mi ọkùnrin ló ń fi ṣe òkòtó lórí táìlì, ó sì ń pẹ́ kó tó ṣubú.