Bí mo ṣe di praziquantel sínú hóró nano, àti ìyà tí gbígbẹ fi jẹ mí

Ẹ bá mi bi àwọn oníwèé ìwádìí: kí ló dé tí wọ́n fi máa ń kọ "a fi ẹ̀rọ olótùútù gbẹ ẹ", ìyẹn ni pé wọ́n mú un dì, wọ́n sì jẹ́ kí yìnyín inú rẹ̀ fò lọ, tí wọ́n á sì kọjá lọ? Gbólóhùn kékeré yẹn ló jẹ oògùn mi, òun náà ló jẹ PLGA mi, irú ike tí mo fi di oògùn náà.

Praziquantel ni oògùn tí wọ́n fi ń wo àtọ̀sí ajá, àìsàn tí aràn ń fà. Ó ń pa aràn tó ti dàgbà, àmọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ ran èyí tó ṣì kéré. Kì í yòrò dáadáa nínú omi, ẹ̀dọ̀ sì ń tètè ba púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́. Èrò mi ni pé bí mo bá dì í sínú PLGA, tó máa ń jẹrà díẹ̀díẹ̀ nínú ara, yóò pẹ́ lára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Yíyọ́ oògùn àti PLGA nínú ethyl acetate, pípò ó mọ́ omi PVA (èyí tí kì í jẹ́ kí hóró lẹ̀ mọ́ra), sonicator (ẹ̀rọ tó ń fi ìró fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́) lórí yìnyín: ẹni tó ń ṣe é mọ̀ ọ́n. Ó jáde bíi mílíìkì tí a bu omi là. Hóró rẹ̀ fẹ̀ tó 190 nanomita (mílíọ̀nù kan nanomita ló wà nínú mìlímítà kan). Mo fọ́nnu díẹ̀.

Mo wá fi ẹ̀rọ olótùútù gbẹ ẹ. Ìgbà tó gbẹ tán ni wàhálà dé. Ó fúyẹ́, ó funfun, ó wuni. Mo bu omi sí i, mo mì í títí apá fi ń ro mí. Kókó ń léfòó, kókó ń rọ̀ sílẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń wọn hóró kà á kọjá 1000 nanomita. Mo tún un ṣe, pàbó ni. Mo fura sí PVA, mo fura sí ẹ̀rọ, mo tilẹ̀ fura sí omi. Àṣé bí omi ṣe ń dì, yìnyín ń ti àwọn hóró náà sí ààyè híhá títí wọ́n á fi lẹ̀ mọ́ra. Ṣúgà ló ń là wọ́n. Mo fi trehalose, irú ṣúgà kan, ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún sí i kí n tó gbé e sínú òtútù. Nígbà tí mo bu omi lé e, kí n tó ṣẹ́jú pẹ́ẹ́, ó ti tú ká: 215 nanomita! Igbe tí mo ké mú kí ará yàrá kejì yọjú.

Ìwé kan tilẹ̀ dárúkọ trehalose láìsọ iye rẹ̀. Irú ìkà wo nìyẹn?

Bí mo bá tún un ṣe, sucrose, ṣúgà tí a ń lò nílé, ni màá kọ́kọ́ dánwò, torí kò wọ́n tó trehalose. Ẹ wọn hóró yín lẹ́yìn tí ẹ bá bu omi padà sí i. Ti àkọ́kọ́ nìkan ń tanni jẹ. Ẹ wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù pẹ̀lú, torí oògùn tí kò wọnú hóró lè dì síta. Bí ẹ bá sì ń ṣírò iye oògùn tó wọlé, ẹ yọ ìwọ̀n ṣúgà kúrò.