Bí mo ṣe kọ àtúnkọ lẹ́ẹ̀kan, tí gbogbo ojú-ewé ń lò ó

Màmá kan tí wọ́n ń ta àǹkárá ní Lágerè, n'Ilé-Ifẹ̀ níbí, ní kí n bá àwọn ṣe ojú-ewé tí àwọn á máa to ọjà sí. Owó aṣọ kì í dúró sójú kan, wọn ò sì fẹ́ fọ́ọ̀mù gígùn. "Ọmọ mi, kí n ṣáà fọwọ́ kan owó yẹn, kí n yí i, kó tán."

Owó nìkan kọ́ ló ń yí o: orúkọ aṣọ, àwọ̀, iye tó kù nílẹ̀. Kí n máa kọ kóòdù ọ̀tọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan? Rárá. jQuery, ìyẹn àkójọ kóòdù JavaScript tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ fún ìlò, ti wà lórí ojú-ewé náà, mo bá lò ó. Mo fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú span (àmì HTML tó ń yí ọ̀rọ̀ kékeré ká), mo fún gbogbo wọn ní kíláàsì (orúkọ ẹgbẹ́) kan náà, mo sì jẹ́ kí kálukú fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó jẹ́:

<span class="atunko" data-id="14" data-aye="owo">8500</span>

Function (ìdìpọ̀ kóòdù) tó ń ṣiṣẹ́ àtúnkọ náà kò mọ owó yàtọ̀ sí àwọ̀; apoti ni ibi tí àwọn span wà, ibi sì ni àdírẹ́sì tí iye tuntun ń lọ. Ohun tí span bá sọ fún un ló ń gbà.

function atunko(apoti, ibi) {
  $(apoti).on('click', '.atunko', function () {
    var $s = $(this);
    if ($s.find('input').length) return;
    var tele = $s.text();
    var $i = $('<input>').val(tele);
    $s.empty().append($i);
    $i.trigger('focus');
    // ìfipamọ́ wà níbí
  });
}

Tábìlì tí gbogbo span wà nínú rẹ̀ ni mo so click (títẹ̀) mọ́, kì í ṣe span kọ̀ọ̀kan. Nípa bẹ́ẹ̀, aṣọ tí Màmá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún un náà á ṣeé tún kọ lójú ẹsẹ̀. Ìlà if yẹn ṣe pàtàkì gan-an: bí kò bá sí, títẹ inú àpótí ìkọ̀wé fúnra rẹ̀ á mú kí function náà tún ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ìfipamọ́ ló gba làákàyè jù. Blur (ìgbà tí èèyàn bá kúrò nínú àpótí ìkọ̀wé) nìkan ni mo gbà láyè láti fi nǹkan pamọ́. Enter kàn ń pe blur ni. Esc á dá iye àtijọ́ padà sínú àpótí kó tó pe blur, bí iye kò bá sì yí, a ò rán nǹkan kan lọ. Bí Enter àti blur bá jọ ń fi pamọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni owó kan náà á lọ. Bí nẹ́tíwọ́kì bá já, fail (kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ bí ìránṣẹ́ bá kùnà) á dá tele, iye àtijọ́, padà, kí Màmá má baà rò pé owó tuntun ti wọlé. text() ni mo fi ń kọ ọ́ padà, kì í ṣe html(), kí kóòdù tí ẹnikẹ́ni bá kọ sínú orúkọ aṣọ má baà ṣiṣẹ́; ọ̀rọ̀ lásán ni text() ń kà á sí, html() á kà á sí kóòdù.

Nígbà tí wọ́n tún ní àwọn fẹ́ ìwé gbèsè àwọn oníbàárà, ìlà kan péré ni mo fi kún un:

atunko('#gbese', '/gbese/fipamo');