Bí a ṣe ń ka àga inú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, láti ọjọ́ ìbúra dé ọjọ́ tí sáà parí

Ẹ bi ẹni mẹ́ta léèrè pé ẹgbẹ́ wo ló pọ̀ jù nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gánà ní sáà kẹjọ, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní 2021. Ẹni àkọ́kọ́ á ní ọgbọọgba ni ẹgbẹ́ ńlá méjèèjì, NPP àti NDC, 137 sí 137. Ẹnì kejì á ní NPP ni, àwọn ló ní 138. Ẹnì kẹta, tó bá jẹ́ pé oṣù Kẹwàá 2024 ló wà lọ́kàn rẹ̀, á ní irọ́ ni, NDC ni, 136 sí 135. Kò sẹ́ni tó parọ́ nínú wọn. Ọjọ́ tí wọ́n kà á ni wọn ò dárúkọ.

Gbogbo iṣẹ́ yìí kò ju ìyẹn lọ: iye àga tí kò bá ní ọjọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò tíì di ìmọ̀. Ẹ mú ìwé tó gùn tàbí kí ẹ ṣí Excel, ká kọ sáà kan sílẹ̀ débi pé ẹni tó bá kà á á mọ ẹni tó wà lórí àga kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ́ tó gbé e wọlé, àti ìgbà tó débẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ pààlà

Ilé wo gan-an lẹ fẹ́ kà? Nàìjíríà ní méjì: ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà tó ní àga 109, àti ilé aṣojú-ṣòfin tó ní 360. Ìwé tiwọn ni kí ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí ẹgbẹ́ tó ń pàṣẹ nínú ọ̀kan lè má rọ́wọ́ mú nínú ìkejì.

Lẹ́yìn náà, sáà wo? Ti Amẹ́ríkà rọrùn. 1789 ni Kọ́ńgrẹ́ẹ̀sì kìíní jókòó, ọdún méjì méjì ni wọ́n sì ń lò. Ẹ yọ 1 kúrò nínú nọ́ńbà Kọ́ńgrẹ́ẹ̀sì tẹ́ ẹ ń wá, ẹ sọ èyí tó kù di ìlọ́po méjì, kí ẹ wá fi 1789 lé e. Ìkejìdínlọ́gọ́fà, ìyẹn 118: 117 á di 234, tẹ́ ẹ bá sì ro 1789 mọ́ ọn, ó di 2023. Ti Nàìjíríà ló máa ń da àwọn èèyàn láàmú. Ilé tó wọlé ní 1999 kì í ṣe ìkíní, ìkẹrin ni wọ́n ń pè é, torí wọ́n ń ka àwọn tó ti jókòó ṣáájú rẹ̀ mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ ni ti 2023 ṣe di ìkẹwàá.

Ẹ má fi ọjọ́ ìdìbò ṣe ìbẹ̀rẹ̀ sáà o. Ọjọ́ 25 oṣù Kejì 2023 ni Nàìjíríà dìbò sílé aṣòfin, ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà ni ilé jókòó, òfin ilẹ̀ náà sì ní láti ọjọ́ tí ilé bá kọ́kọ́ jókòó ni kí wọ́n ti máa ka ọdún mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ nǹkan lè ṣẹlẹ̀ láàárín méjèèjì. Donald McEachin, ọmọ ẹgbẹ́ Democrat láti Virginia ní Amẹ́ríkà, wọlé ìbò sílé aṣojú lóṣù Kọkànlá 2022, àmọ́ ó jáde láyé ní ọjọ́ 28 oṣù kan náà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé 434 làwọn tó débẹ̀ nílé aṣojú nígbà tí Kọ́ńgrẹ́ẹ̀sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kìíní 2023, dípò 435. Èsì ìbò ní àwọn Democrat ní 213, àmọ́ 212 ló jókòó.

Ẹ to àga, ẹ má to èèyàn

Ibí lẹ ti máa pẹ́ jù, ibẹ̀ lèmi náà sì ti ṣàṣìṣe. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbìyànjú ti Gánà yìí, orúkọ ni mo tò, ní A, B, D. Mo ka àwọn aṣòfin NPP tán, wọ́n lé ní iye tó yẹ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì sí i, kò yí padà. Àṣé mo ti ka aṣòfin tó kú àtẹni tó rọ́pò rẹ̀ pọ̀.

Torí náà, ìlà kan fún ẹkùn ìdìbò kan. Gánà ní 275 ní sáà kẹjọ yẹn, kí ìwé yín ní ìlà 275, kó má lé, kó má dín. Lórí ìlà kọ̀ọ̀kan: orúkọ ẹkùn, ẹni tó wọlé, ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ ìbò, ọjọ́ tó búra, ọjọ́ tó kúrò, ohun tó mú un kúrò, ẹni tó bọ́ síbẹ̀, àti ọjọ́ tí wọ́n dìbò yan onítọ̀hún. Tí àga kan bá gba ẹni mẹ́ta láàárín sáà kan, ẹ fa ìlà yẹn gùn sápá ọ̀tún. Ẹ má dá ìlà tuntun sílẹ̀ nísàlẹ̀.

Ẹ wo ìlà Kumawu. Philip Basoah ti NPP ló wọlé. Ó kú ní oṣù Kẹta 2023. Wọ́n tún ìbò dì níbẹ̀ ní ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún, Ernest Anim, NPP náà, ló gbà á. Ìlà Ejisu fẹ́ jọ ọ́: John Kumah kú ní oṣù Kẹta 2024, Kwabena Boateng tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà sì wọlé ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin. Ẹni tó bá ń wo iye ẹgbẹ́ nìkan á rò pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, torí 137 ló ṣì wà níbẹ̀. Èèyàn ti yí padà, iye ò yí padà.

Ti Assin North tún gba àyè sí i. Ní oṣù Karùn-ún 2023, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní kí wọ́n yọ orúkọ James Gyakye Quayson ti NDC kúrò nínú ìwé ilé, torí pé ó ṣì jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Kánádà nígbà tó forúkọ sílẹ̀ láti díje. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà, òun náà ló tún wọlé. Ẹ̀ẹ̀mejì lorúkọ rẹ̀ máa hàn lórí ìlà yẹn, kì í ṣe àṣìkọ.

Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ló ń dìbò láti fi rọ́pò. Ní Jámánì, ẹni tí orúkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e lórí àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ ló máa gba àga náà, kò sí ariwo ìpolongo kankan. Ẹ wo òfin ilẹ̀ tẹ́ ẹ ń kọ nípa rẹ̀ kí ẹ tó máa wá ọjọ́ ìdìbò tí kò sí.

Ẹgbẹ́ tó gbé e wọlé àtibi tó jókòó sí

Òpó ìwé méjì ni kí ẹ yà fún èyí. Àga kan ló kù lẹ́yìn 137 sí 137 Gánà: Fomena, níbi tí Andrew Asiamah Amoako ti wọlé láìsí ẹgbẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní NPP lòun máa bá jókòó, ló bá di igbákejì abẹnugan kejì, NPP sì ń fi 138 pera wọn lọ́mọ ilé tó pọ̀ jù. Nínú òpó ìbò, “kò sí ẹgbẹ́” ni kí ẹ kọ sí iwájú rẹ̀. Nínú òpó ìjókòó, “NPP”. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ ló máa ń jà lórí 137 àti 138.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Bernie Sanders àti Angus King lọ́dọ̀ àwọn sẹ́nétọ̀ Amẹ́ríkà: wọn ò sí nínú ẹgbẹ́ Democrat, àmọ́ àwọn Democrat ni wọ́n ń bá jókòó. Àwọn méjèèjì la ò gbọ́dọ̀ gbàgbé ká tó lè rí 50 sí 50 ti 2021. Ní Jámánì, CDU àti CSU jẹ́ ẹgbẹ́ méjì lọ́jọ́ ìbò, àmọ́ ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n nínú ilé. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún ní tirẹ̀: ní oṣù Keje 2024, ẹgbẹ́ Labour lé àwọn aṣòfin wọn méje sẹ́yìn torí pé wọ́n dìbò ta ko ìjọba lórí owó ìrànwọ́ ọmọ. Àga àwọn méje kò bọ́ lọ́wọ́ wọn. Òpó ìjókòó nìkan lẹ máa tún kọ.

Iye wo ló lè borí?

Ìdajì àti ẹyọ kan ni gbogbo èèyàn máa ń sọ. 650 ni ilé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 326 nìyẹn. Àmọ́ àwọn méje tí Sinn Féin, ẹgbẹ́ kan láti Northern Ireland, ní lẹ́yìn ìbò 2024 kì í wá jókòó rárá, abẹnugan àti àwọn igbákejì rẹ̀ mẹ́ta kì í sì í dìbò. Ẹ yọ 11. Ó ku 639, 320 sì ti tó láti borí. Èyí náà ló fà á tí àwọn kan fi ń kọ 411 fún Labour lọ́dún yẹn, táwọn mìíràn ń kọ 412: abẹnugan ni wọ́n kà mọ́ ọn. Èmi ò ní kà á mọ́ ọn, torí kò díje lórúkọ ẹgbẹ́ kankan.

Ẹ má sì rò pé iye inú ìwé ni iye ìbò. Àwọn ẹgbẹ́ tó gbé Friedrich Merz sókè láti di olórí ìjọba ní àga 328 nínú 630 ní Jámánì, 316 ló sì nílò. Ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún 2025, 310 ló rí nígbà àkọ́kọ́. Ìgbà tí wọ́n tún un dì lọ́jọ́ náà ló tó rí 325.

Tí nǹkan bá yí padà, ẹ má pa ti àná rẹ́

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá 2024, abẹnugan ilé Gánà, Alban Bagbin, kéde pé àga mẹ́rin ti ṣófo. Aṣòfin NPP méjì àti ti NDC kan ti forúkọ sílẹ̀ láti dá díje lóṣù Kejìlá. Amoako ti Fomena ní tirẹ̀ fẹ́ díje lábẹ́ NPP. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: NPP 135, NDC 136, òfìfo 4. Ó pé 275. Lójú ẹsẹ̀ ni NDC ní àwọn ni ọmọ ilé tó pọ̀ jù. Lọ́jọ́ kejì, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní kí ọ̀rọ̀ náà dúró ná, nígbà tó sì di ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá, adájọ́ márùn-ún nínú méje ní ìkéde náà kò bófin mu.

Kí lẹ máa kọ? Gbogbo rẹ̀ ni. Ọjọ́ ìkéde, ọjọ́ tí ilé ẹjọ́ dá a dúró, ọjọ́ ìdájọ́. Tẹ́ ẹ bá nu ti oṣù Kẹwàá kúrò torí pé ilé ẹjọ́ fagi lé e, ẹni tó bá ka ìwé yín kò ní mọ ohun tó ń fa ariwo nínú ilé lọ́sẹ̀ yẹn.

Ní Nàìjíríà, abala 68 òfin ilẹ̀ ní kí aṣòfin tó bá kúrò nínú ẹgbẹ́ tó gbé e wọlé fi àga sílẹ̀, àfi tí ẹgbẹ́ náà bá pín tàbí tó dà pọ̀ mọ́ òmíràn. Àmọ́ ẹni tó ń retí pé àga á ṣófo nígbàkigbà tí aṣòfin bá fò lọ sí ẹgbẹ́ mìíràn á dúró pẹ́. Púpọ̀ wọn ló ń sọ pé ẹgbẹ́ àwọn ti pín. Abẹnugan ilé aṣojú-ṣòfin, Aminu Tambuwal, fò láti PDP sí APC ní oṣù Kẹwàá 2014, ó sì lo sáà rẹ̀ tán. Àyàfi tí abẹnugan bá kéde tàbí tí ilé ẹjọ́ bá dájọ́ ni kí ẹ kọ “òfìfo”. Títí dìgbà náà, òpó ìjókòó lẹ máa yí.

Ẹ ro ó pọ̀

Ẹ mú ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán: ọjọ́ ìbúra, ọjọ́ kan láàárín sáà tí ìyípadà ti pọ̀, àti ọjọ́ tó kẹ́yìn. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ka ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, àwọn tí kò ní ẹgbẹ́ àti àga tó ṣófo. Àpapọ̀ gbọ́dọ̀ bá iye tí òfin sọ mu. Tó bá fi ẹyọ kan lé, ẹ lọ wo àwọn ìlà tí ikú wà. Tó bá fi ẹyọ kan dín, ẹ wo abẹnugan.