Bí A Ṣe Ń Mú Ilé Ìdì Koríko Wọ Inú Ìwé Òfin Ilé Kíkọ́

Ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Arthur, ní ìpínlẹ̀ Nebraska lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ṣọ́ọ̀ṣì kan wà tó jẹ́ pé ìdì koríko ni wọ́n tò lérí ara wọn tí wọ́n fi ṣe ògiri rẹ̀ ní 1928. Ó ṣì dúró. Ilẹ̀ yanrìn ni agbègbè náà, igi ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, àwọn àgbẹ̀ sì ní ẹ̀rọ tó ń di koríko, wọ́n wá fi ohun tó wà nílẹ̀ kọ́lé. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá gbé àwòrán irú ilé bẹ́ẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, àfàìmọ̀ kí wọ́n má dá a padà. Ìwé òfin tó wà lórí tábìlì òṣìṣẹ́ kò dárúkọ ilé náà, ohun tí ìwé kò bá sì mọ̀, ó ṣòro kí òṣìṣẹ́ fọwọ́ sí i. Ó lé ní ogún ọdún kí àwọn tó fẹ́ràn ilé yìí tó mú un wọ ìwé òfin gbogbogbòò. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ níbí, nítorí ẹni tó bá fẹ́ mú ohun ìkọ́lé tuntun wọ inú òfin yóò tọ ọ̀nà kan náà.

Kí n tó lọ jìnnà: koríko tí mò ń wí kì í ṣe koríko tútù tí màlúù ń jẹ. Pòròpórò àlìkámà tàbí ti ìrẹsì ni, èyí tó ṣẹ́ kù lóko lẹ́yìn tí wọ́n ti pa ọkà tán. Ẹ̀rọ á tẹ̀ ẹ́ mọ́ra, á fi okùn dì í pinpin.

Ẹ lọ bá òṣìṣẹ́ kí ẹ tó ya ilé

Àwọn èèyàn máa ń ya ilé tán, wọ́n á ra ìdì jọ, ìgbà yẹn ni wọ́n á tó wá lọ bẹ̀bẹ̀ fún ìwé àṣẹ. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ kí ọ̀gá tó ń bójú tó ilé kíkọ́ ní káúńtì yín, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ilẹ̀ ṣì ṣófo, kí ẹ bi í pé kí ló ń kọ ọ́ lóminú. Ohun tó máa sọ kò ní ju mẹ́rin lọ: iná, omi, eku, àti bóyá ògiri náà lè ru òrùlé. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n á pè bí ilé bá wó, nítorí náà ìbẹ̀rù rẹ̀ tọ́.

Ilé kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ́kọ́ gbàṣẹ fún

Ìwé òfin tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ń lò fún ilé gbígbé ni International Residential Code, tí wọ́n ń pè ní IRC. Ẹsẹ kan wà nínú rẹ̀ tó fún ọ̀gá yìí láyè láti fọwọ́ sí ohun ìkọ́lé tí ìwé kò dárúkọ, bí ẹ̀rí bá wà pé agbára àti ààbò rẹ̀ kò rẹlẹ̀ sí èyí tí òfin mọ̀. Ẹsẹ yìí ni kí ẹ dì mú. Kí ó lè rọrùn, ẹ jẹ́ kí òpó igi ru òrùlé, kí ìdì koríko kàn dí àárín òpó. Ẹnjiníà á tètè fọwọ́ sí irú ilé bẹ́ẹ̀ ju èyí tí ògiri fúnra rẹ̀ ń ru òrùlé lọ.

Ẹ̀rí ni iṣẹ́ gan-an

Ẹ ju ẹ̀kúnwọ́ koríko sínú iná, kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti di eérú. Ṣùgbọ́n ìdì tí ẹ̀rọ tẹ̀ pinpin kò láyè fún afẹ́fẹ́. Iná á kàn máa họ ojú rẹ̀ ni, ojú tó jó á sì di èédú tó bo ìyókù. Bí a bá tún rẹ́ ẹ tojú-tẹ̀yìn, ó di ìgbà pípẹ́ kí iná tó kàn án. Àlàyé yìí dùn létí, kò sì sí òṣìṣẹ́ tó máa torí rẹ̀ fọwọ́ síwèé. Ìdánwò ló ń béèrè.

Ní 2006, wọ́n dán ògiri ìdì koríko wò ní ìlànà ASTM E119, ìlànà tí wọ́n fi ń dán ògiri yòówù wò. Wọ́n á gbé ògiri síwájú iná ìléru tó máa gbóná kọjá 900 lórí òṣùwọ̀n Celsius kí wákàtí kan tó pé, wọ́n á tún wá fi omi panápaná lù ú. Èyí tí wọ́n fi amọ̀ rẹ́ dúró fún wákàtí 1. Èyí tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ dúró fún wákàtí 2. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ní koríko á jó, ìwé àbájáde ni wọ́n ń tẹ́ síwájú rẹ̀.

Ẹ fúnra yín sọ ibi tí ewu wà. Ojú iṣẹ́ ni, kí wọ́n tó rẹ́ ògiri, nígbà tí koríko fọ́n káàkiri ilẹ̀ tí ẹnì kan sì ń jó irin nítòsí. Ẹ kọ ọ́ sínú ètò yín pé lójoojúmọ́ lẹ ó máa gbá a kúrò. Òṣìṣẹ́ tó bá rí i pé ẹ kò fi ewu pa mọ́ á gbà yín gbọ́ lórí ìyókù.

Omi ni ọ̀tá tó le jù. Ẹni tó bá mọ ilé alámọ̀ àtijọ́ nílẹ̀ wa mọ ìdí tí etí òrùlé fi máa ń yọ síta: kí òjò má bàa na ògiri. Ìtọ́jú kan náà ni ìdì koríko ń fẹ́, àti ìpìlẹ̀ tó ga. Ní ti agbára ògiri bí ilẹ̀ bá mì tìtì, wọ́n gbé odindi ilé ìdì koríko kan, irú èyí tí wọ́n ń kọ́ ní Pakistan, sórí pèpéle tó ń mì ní University of Nevada ní Reno ní 2009, kò wó. Ní ti eku, bí ìrẹ́ ògiri kò bá ní ihò, kò síbi tó máa gbà wọlé.

Ẹ kọ òfin tí ẹni tó mú téèpù dání lè lò

"Kí koríko gbẹ dáadáa" kì í ṣe òfin, nítorí ohun tí ẹnì kan pè ní gbígbẹ, ẹlòmíràn á ní ó ṣì tutù. Òfin tó wọlé ní kí omi inú ìdì má ju 20% ìwúwo rẹ̀ lọ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ rẹ́ ògiri. Òṣìṣẹ́ á gún ẹ̀rọ ọ̀rinrin bọ inú ìdì, á ka nọ́ńbà, á kọ ọ́ sílẹ̀.

Bákan náà ni ti líle ìdì: ó kéré tán pọ́n-ùn 6.5 fún ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú, lóròó àti ní gíga. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Ìdì tó gùn ní íńṣì 48, tó fẹ̀ ní 24, tó sì nípọn ní 15 gba àyè irú ẹsẹ̀ bàtà bẹ́ẹ̀ 10. Lẹ́yìn tí ẹ bá yọ ìwúwo omi inú rẹ̀ kúrò, ó gbọ́dọ̀ tó pọ́n-ùn 65. Bí òṣùwọ̀n bá ka 55, ó rọ̀ jù, ẹ dá a padà fún àgbẹ̀. Òfin náà tún ní kí ìdì ìsàlẹ̀ ga ju ilẹ̀ ìta lọ ní íńṣì 8, kí ilé má sì ní àjà kejì àfi bí ẹnjiníà bá ṣètò rẹ̀. Bí gbólóhùn kan nínú ohun tí ẹ kọ kò bá ṣeé wọ̀n, ẹ tún un kọ.

Láti káúńtì dé ìwé gbogbogbòò

Ilé díẹ̀ tí wọ́n gbàṣẹ fún lọ́kọ̀ọ̀kan ló bí òfin ìbílẹ̀. California ṣe òfin lórí rẹ̀ ní 1995. Ìlú Tucson àti káúńtì Pima ní Arizona gba òfin tiwọn wọlé ní 1996, tó fi mọ́ ògiri tó ń ru òrùlé. Nígbà tí káúńtì kan bá ti ṣe é, ẹ̀rù káúńtì kejì á dín kù.

International Code Council, àjọ tó ń ṣe ìwé òfin ilé kíkọ́, ló ni IRC, ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n sì ń tún un ṣe. Ẹnikẹ́ni ló lè fi àbá ránṣẹ́. Ẹ ó kọ ọ̀rọ̀ òfin náà gan-an, ìdí rẹ̀, àti bí yóò ṣe kan iye owó ilé. Ìgbìmọ̀ á gbọ́ ọ ní gbangba, níbi tí ìṣẹ́jú 2 péré máa ń jẹ́ ti ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, nítorí náà kí ẹnì kan má sọ ti iná àti omi àti eku papọ̀. Ẹ pín in: ẹnjiníà kan sọ ti iná, ẹnì kan tó ti gbé inú irú ilé náà sọ ti omi. Àwọn èèyàn á tún fi èsì ránṣẹ́, lẹ́yìn náà ni ìdìbò ìkẹyìn, àwọn aṣojú ìjọba ìbílẹ̀ nìkan ló sì ń dìbò yẹn. Ẹ rántí òṣìṣẹ́ tí ẹ lọ kí níbẹ̀rẹ̀. Irú rẹ̀ ló máa dìbò fún yín.

Martin Hammer, ayàwòrán ilé kan ní California, ló ṣáájú àwọn tó kọ àbá náà, ní àjọṣe pẹ̀lú àwọn ẹnjiníà àti àwọn tó ti ń kọ́ irú ilé yìí látọjọ́ pípẹ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2013, ní Atlantic City, àbá náà wọlé. Ó jáde nínú IRC ti 2015 gẹ́gẹ́ bí Àfikún S.

Iṣẹ́ kan ṣì kù, òun sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé. Àfikún kì í di òfin níbi kankan títí ìpínlẹ̀ tàbí ìlú á fi dárúkọ rẹ̀ nígbà tó bá ń gba ìwé náà wọlé. Ẹ lọ béèrè ní ọ́fíìsì yín. Ẹ má fi lẹ́tà tí wọ́n fi ń pe àfikún náà nìkan béèrè, torí S ló jẹ́ ní 2015 àti 2018, ó di AS ní 2021, ó tún di BJ ní 2024. Ẹ béèrè fún àfikún tó sọ̀rọ̀ nípa ìdì koríko. Bí wọ́n bá ní àwọn kò tíì gbà á, ẹ bi wọ́n ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ ìlú máa tún jókòó lórí òfin ilé kíkọ́, kí ẹ mú ìwé àbájáde ìdánwò iná dání lọ.