Bí mo ṣe gba owó grant tó ti fẹ́ dàrú, tí mo sì tì í dé òpin

Oṣù 10 ti kọjá nínú oṣù 24 kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ yìí lé mi lọ́wọ́. Ẹni tó ń bójú tó owó náà tẹ́lẹ̀ ti ríṣẹ́ síbòmíì, ohun tí mo bá nílẹ̀ ò ju laptop kan, káàtọ̀nù ìwé méjì, àti ìwé àdéhùn kan tó nípọn dáadáa àmọ́ tó hàn gbangba pé ojú ewé tí wọ́n fọwọ́ sí nìkan ni wọ́n ṣí. Owó ìrànwọ́ (grant) ìjọba Amẹ́ríkà ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọwọ́ wọn ló ti bọ́ sọ́wọ́ wa tààrà, àjọ ńlá kan ló gbà á, òun ló wá fún wa ní apá kan nínú ẹ̀, ká fi kọ́ àwọn obìnrin tó máa ń yọ̀ǹda ara wọn láti lọ wo àwọn aboyún nílé, kí wọ́n mọ àmì ewu lára aboyún, kí wọ́n sì tètè darí ẹ̀ sí ọsibítù. Iṣẹ́ yẹn ká mi lára gan-an. Nígbà tí mo wá ṣírò ẹ̀ tí mo rí i pé ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún péré la tíì ná nínú owó náà, tó sì jẹ́ pé àkókò ti lọ dé ìdá 42, oorun ò kùn mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Àwọn kan á ní kí ló burú níbẹ̀, ṣebí owó ṣì wà ní báǹkì. Owó grant ò rí bẹ́ẹ̀ o. Ọjọ́ tí àdéhùn bá parí, ohun tó o bá rà tàbí iṣẹ́ tó o bá ṣe lẹ́yìn ọjọ́ náà ò ṣeé kọ mọ́ ọn mọ́, owó tó bá ṣẹ́kù á padà síbi tó ti wá, àwọn obìnrin tó yẹ ká kọ́ á sì wà níbẹ̀ láìkọ́ wọn. Èyí tí a ò ná yẹn, aboyún kan wà níbì kan tí ẹnì kankan ò lọ wò.

Àdéhùn yẹn ni mo kọ́kọ́ jókòó tì. Ọjọ́ méjì ni mo fi kà á, pẹ́ńsù lọ́wọ́, gbogbo ibi tí wọ́n bá ti kọ “gbọ́dọ̀” ni mo fàlà sí, lẹ́yìn náà mo kó gbogbo ẹ̀ sí ojú ewé kan ṣoṣo: ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí, ọjọ́ tí rípọ́ọ̀tù gbọ́dọ̀ wọlé, ohun tí a ò lè rà láìkọ́kọ́ gba àṣẹ, ohun tí a ò lè rà rárá (ọtí wà níbẹ̀, òfin wọn sọ ọ́ lórúkọ), àti iye tí a lè gbé láti ìlà kan sí òmíì nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì. Mo lẹ ojú ewé yẹn mọ́ ògiri lókè tábìlì mi, mo sì tẹ ẹ̀dà ẹ̀ fún gbogbo ẹni tó lè fọwọ́ sí ìnáwó. Òfin tó wà lẹ́yìn àdéhùn náà ni èyí tí wọ́n ń pè ní 2 CFR 200, ìyẹn òfin ìjọba Amẹ́ríkà lórí bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ ná owó grant wọn, ó gùn, àmọ́ ohun tó ń béèrè nípa owó kọ̀ọ̀kan ò ṣòroó lóye: ṣé iṣẹ́ yìí nílò ẹ̀, ṣé iye yẹn bójú mu, ṣé iṣẹ́ yìí gan-an ló jẹ àǹfààní ẹ̀ àbí iṣẹ́ míì ni, ṣé ìwé sì wà tó fi hàn bẹ́ẹ̀. Tí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n lè ní kẹ́ ẹ dá owó náà padà.

Ó wá kan káàtọ̀nù méjì yẹn. Mo tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lọ́fíìsì lọ́jọ́ Sátidé, mo tẹ ìwé báǹkì láti oṣù kìíní, mo wá ń wá ìwé fún ìlà kọ̀ọ̀kan, tí mo bá rí i mo fi pín mú wọn pọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí mi ò retí. Àwọn rìsíìtì kan, irú èyí tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ sórí bébà dídán, tí wọ́n máa ń fún wa tá a bá ra epo mọ́tò, ti di funfun báláú. Mo gbé ọ̀kan sókè síbi iná, mo dà á síwá dà á sẹ́yìn, orúkọ ilé epo nìkan ló ṣì hàn fírífírí, iye owó àti ọjọ́ ti lọ. Owó tí a ná lóòótọ́ o, ọkọ̀ lọ, ọkọ̀ dé, iṣẹ́ ṣe, àmọ́ lójú ọ́dítọ̀, ẹni tó ń wá yẹ ìwé owó wò, bébà funfun ò jẹ́rìí ohunkóhun. Látọjọ́ yẹn, rìsíìtì ò gbọdọ̀ sùn lọ́fíìsì wa láìní fọ́tò nínú kọ̀ǹpútà àti fótókọ́pì tá a so mọ́ ọn lẹ́yìn.

Nígbà tí mo tò ó tán, ìnáwó mẹ́ta wà tí mi ò rí ìwé kankan tó gbè wọ́n lẹ́yìn. Mo lọ bá ọ̀gá wa. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká fúnra wa sọ fún àjọ tó fún wa lówó kí wọ́n tó wá bá a níbẹ̀.” Ọ̀gá dákẹ́ títí, wọ́n ní ṣé àjọ náà ò ní gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa báyìí? Mo ní tí wọ́n bá bá a fúnra wọn, ìyẹn ló máa le jù, torí wọ́n á máa rò pé àwọn míì ṣì wà tí wọn ò tíì rí. A kọ lẹ́tà, a yọ owó mẹ́ta yẹn kúrò nínú ohun tí a kà sí grant lọ́rùn, a fi owó tí ọ́fíìsì fúnra ẹ̀ ní dí i. Àjọ ńlá yẹn fèsì pé àwọn dúpẹ́, wọ́n ní ká fi ètò tuntun tá a máa tẹ̀ lé ránṣẹ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Owó oṣù ló gba àkókò mi jù. Awakọ̀ wa àti òṣìṣẹ́ méjì míì ń ṣe iṣẹ́ yìí, wọ́n tún ń ṣe iṣẹ́ míì tí dónọ̀ míì ń sanwó ẹ̀, ohun tí ọ́fíìsì wa sì ń ṣe lóṣooṣù ni pé wọ́n á pín owó oṣù wọn sí méjì dọ́gbadọ́gba torí bẹ́ẹ̀ ló wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì. Bọ́jẹ́ẹ̀tì jẹ́ àfojúsùn lásán, òfin náà sọ pé iṣẹ́ tí èèyàn ṣe gan-an ló yẹ kí ìwé fi hàn, ohun tá a kọ sílẹ̀ ṣáájú lè jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ àmọ́ a gbọ́dọ̀ padà wá tún un ṣe kó bá òótọ́ mu. Mo bá ṣe ìwé àkókò iṣẹ́, ojú ewé kan fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí mo gbé e fún awakọ̀ wa, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó ju bàbá mi lọ, wọ́n wo ìwé náà, wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Ìyá mi, ṣé ẹ rò pé mi ò ṣiṣẹ́ ni?” Ó dùn mí gan-an. Mo kúnlẹ̀ ṣàlàyé fún wọn pé kì í ṣe pé a ń ṣọ́ wọn, pé ìwé yìí gan-an ló máa jẹ́rìí sí wọn, pé tí kò bá sí i, ẹnì kan tó jókòó sí ọ̀nà jíjìn lè sọ pé owó tí wọ́n gbà ò tọ́ sí wọn. Wọ́n gba bírò lọ́wọ́ mi, wọ́n kọ ọ̀sẹ̀ yẹn lójú mi. Ọjọ́ mẹ́ta nínú márùn-ún ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ kejì! Ìdajì owó wọn la sì ti ń kọ sọ́rùn tiwa láti oṣù àkọ́kọ́. Mo lọ kó ìwé tí wọ́n ń kọ ìrìn ọkọ̀ sí, mo fi ṣàtúnṣe oṣù tó ti kọjá, oṣù kan lẹ́yìn òmíràn, ohun tó jẹ́ ti iṣẹ́ kejì padà sọ́dọ̀ iṣẹ́ kejì.

Kí ló wá fà á tí owó ò fi jáde? Mo kọ́kọ́ rò pé ọ̀lẹ ni àwọn ará ètò, ìyẹn àwọn tó ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́, mo dẹ̀ jẹ̀bi nínú èrò yẹn, wọ́n ń ṣe iṣẹ́ wọn. Dọ́là la fi kọ bọ́jẹ́ẹ̀tì, owó orílẹ̀-èdè wa la ń ná, owó wa sì ti já wálẹ̀ gan-an sí dọ́là látìgbà tá a ti kọ ọ́, torí náà iye ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan náà ò gba dọ́là tó bó ṣe yẹ kó gbà mọ́. Ẹnì kankan ò rí i torí pé àwọn ará ètò ń wo iye èèyàn tí wọ́n kọ́, àwọn ará owó ń wo ìwé báǹkì, wọn ò jọ jókòó rí. Mo bá dá ìpàdé kan sílẹ̀, Tuesday àkọ́kọ́ lóṣù, wákàtí kan péré, ojú ewé kan lórí tábìlì: ìlà bọ́jẹ́ẹ̀tì, ohun tí a ti ná, ohun tí a ti bá ẹnì kan ṣàdéhùn ẹ̀ àmọ́ tí a ò tíì san, ohun tó ṣẹ́kù, oṣù tó ṣẹ́kù. Kọ́lọ́ọ̀mù kẹta yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fo, bẹ́ẹ̀ òun ló máa ń mú kí èèyàn rò pé owó wà nígbà tí kò sí. Ìbéèrè tí mo máa ń bi wọ́n kì í ṣe “kí ló dé tí ẹ ò náwó”, mo máa ń ní, “Lóṣù tó ń bọ̀, èèyàn mélòó lẹ fẹ́ kọ́, ọjọ́ mélòó, níbo?” Èmi ni màá ṣírò owó ẹ̀.

Ibi tí a rí i pé ó máa ṣẹ́kù, a kọ̀wé pé ká gbé e sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lẹ́ẹ̀kejì fún àwọn obìnrin tí a ti kọ́ lẹ́ẹ̀kan, àti ẹgbẹ́ tuntun ní àwọn àdúgbò tí a ò tíì dé. Àdéhùn wa sọ pé tí gbogbo ohun tá a bá ń gbé káàkiri bá ti ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo bọ́jẹ́ẹ̀tì, ká kọ́kọ́ gba àṣẹ. A béèrè, a dúró, ìdáhùn dé lórí ìwé, ìgbà yẹn la tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ máà bẹ̀rẹ̀ tórí pé ẹnì kan sọ lórí fóònù pé kò burú, ẹni tó sọ ọ́ lè ti kúrò níbi iṣẹ́ kí ọ́dítọ̀ tó dé.

Owó tá a ń béèrè ṣáájú náà yí padà. Tẹ́lẹ̀ wọ́n máa ń béèrè ti oṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ó kàn jókòó sí báǹkì. Òfin fẹ́ kí àkókò tó wà láàárín ìgbà tí owó wọlé sí ìgbà tó jáde kéré bó bá ṣe lè kéré tó, èlé tó bá sì gorí ẹ̀ kọjá 500 dọ́là lọ́dún, ó gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ ìjọba wọn. Oṣù kan kan ni mò ń béèrè.

Mi ò lè ṣe kí n má sọ ti báàgì ìtọ́jú tá a fẹ́ rà fún àwọn obìnrin náà. Ìwé iye owó mẹ́ta wà nínú fáìlì, bébà tó ní orúkọ ilé iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí, ọlọ́jà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo tẹ́ wọn síwájú mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo ń fi ìka tẹ̀ lé ìlà wọn, ìgbà tó dé ìlà kẹrin ni mo rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n kọ láṣìṣe nínú méjì nínú wọn, lẹ́tà kan náà ló sọnù. Ẹni tó bá kọ ọ̀kan ló kọ ìkejì. Mi ò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, mo fi hàn ọ̀gá wa, a fagi lé gbogbo ẹ̀, a tún béèrè láti ìbẹ̀rẹ̀, àwa èèyàn mẹ́ta tí a kì í ṣe ẹ̀ka kan náà la jókòó yẹ̀ ẹ́ wò. Iye tí a wá rà á wálẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, owó tó yọ níbẹ̀ ra báàgì fún ẹgbẹ́ tuntun yẹn.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kọ bọ́jẹ́ẹ̀tì tuntun sí irú owó yìí, ẹ rántí owó ìṣàkóso, iná, háyà ọ́fíìsì, ẹni tó ń kọ ìwé owó. Ìgbà tiwa, ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ni àjọ tí kò bá ní àdéhùn tiẹ̀ pẹ̀lú ìjọba wọn lórí iye owó ìṣàkóso lè gbà. Láti October 1, 2024, wọ́n ti gbé e dé 15 fún grant tuntun, àjọ tó wà láàárín ò sì lè fipá mú yín gba iye tó kéré sí i, àfi tí òfin bá ní kó rí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe orí gbogbo owó lẹ máa ṣírò ẹ̀ sí o, ẹ máa yọ àwọn nǹkan bí ẹ̀rọ olówó ńlá kúrò. Ọ̀pọ̀ àjọ kékeré ni kì í béèrè ẹ̀ torí wọ́n ń bẹ̀rù pé àwọn máa dà bí olójúkòkòrò, wọ́n á wá máa fi àìtó owó fìyà jẹ òṣìṣẹ́ wọn. Ẹ béèrè. Ó tọ́ sí yín.

Oṣù mẹ́ta kó tó parí ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ìparí. Mo kọ sí gbogbo ọlọ́jà pé ìwé owó tó bá dé lẹ́yìn ọjọ́ báyìí máa fa wàhálà, a ò ra nǹkan kan lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn torí ẹni tó bá ń ka ìwé yín á béèrè iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi ohun tó dé lọ́jọ́ tó kù ọ̀la ṣe. Lẹ́yìn òpin, ọjọ́ 90 la ní láti fi gbogbo rípọ́ọ̀tù ránṣẹ́, àjọ ńlá yẹn ní 120 sí ìjọba. Ọjọ́ 61 la lò. Owó díẹ̀ tó ṣẹ́kù, a dá a padà, mo sì fi ìwé báǹkì tó fi hàn pé ó ti lọ sórí fáìlì.

Káàtọ̀nù méjì yẹn ti di mẹ́rin báyìí. Mo kọ nọ́ńbà sí wọn lára, mo kọ ohun tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo fi máákà pupa kọ ọjọ́ tí rípọ́ọ̀tù owó tó kẹ́yìn lọ, mo ka ọdún 3 síwájú bí òfin ṣe wí, mo kọ ọjọ́ yẹn náà sí i: “Ẹ má dà á nù ṣáájú ọjọ́ yìí, tí ọ́díìtì bá sì ṣì ń lọ lọ́wọ́, ẹ má dà á nù rárá.” Èyí tó wà lókè pátápátá ni ìwé ìforúkọsílẹ̀ àwọn obìnrin náà, orúkọ wọn, ọjọ́ tí wọ́n wá, ibi tí wọ́n fọwọ́ sí. Àwọn kan ò mọ̀wé kọ, àtàǹpàkò wọn ló wà níbẹ̀, aró aláwọ̀ búlúù, gbogbo ẹ̀ ṣì hàn ketekete.