Bí a ṣe rí àdúgbò tó bá wa mu

Èmi àti ìyàwó mi rí iṣẹ́ tuntun ní ìlú tí a kò ti mọ ẹnikẹ́ni. Àwòrán ilé la kọ́kọ́ ń wò ṣáá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ àwòrán ilé kì í sọ bí àdúgbò ṣe rí. Díẹ̀ ló kù ká san owó ọdún kan gbáko síbi tí kò yẹ wá.

Ohun tó yanjú rẹ̀ ni pé a gba yàrá kékeré fún oṣù kan péré, ká lè fara balẹ̀ wá ilé. A ṣí Google Maps, a ní kó ṣírò ìrìn láti àdúgbò kọ̀ọ̀kan dé ibi iṣẹ́ àwa méjèèjì ní aago 8 àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kì í ṣe ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tí ọ̀nà dá. A wá fi owó ọkọ̀ kún owó ilé. Ibi tó dà bíi pé ó wọ́n tẹ́lẹ̀ ló wá dínwó jù.

Àdúgbò mẹ́ta ló kù, a sì lọ wò wọ́n lálẹ́. Ní ọ̀kan, iná kankan kò tàn láti ibùdókọ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Ìyàwó mi kàn di ọwọ́ mi mú ṣinṣin, kò sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ parí nìyẹn. Ní èkejì, ìyá àgbà kan tó ń bomi rin òdòdó sọ fún wa pé bí òjò bá rọ̀ gan-an, omi máa ń wọ àwọn yàrá ìsàlẹ̀. Ta ni ìbá kọ ìyẹn sínú ìpolówó? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi àwọn ará àdúgbò.

Ẹ̀kẹta la ń gbé báyìí. Ilé náà kéré sí èyí tí a fẹ́, àmọ́ kó tó di aago 6 ìrọ̀lẹ́, àwa méjèèjì ti wà nílé.